Ṣé mẹ́téènì kò ní í jẹ èrè omi tí a dá padà sí ilẹ̀ píìtì?

Olùkàwé kan tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì nípa àyíká ní Scotland kọ̀wé pé: “Ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí. Wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì pé bí a bá dí àwọn kòtò tí wọ́n fi fa omi kúrò lórí ilẹ̀ píìtì, ilẹ̀ náà yóò dẹ́kun títú kábọ́nù dayọ́ksáìdì sáfẹ́fẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, olùkọ́ mìíràn sọ pé omi yẹn gan-an ni ó ń mú kí mẹ́téènì jáde, àti pé agbára tí mẹ́téènì fi ń mú ayé gbóná tó nǹkan bí ìlọ́po 27 ti kábọ́nù dayọ́ksáìdì. Èwo ni kí n gbà? Bí mo bá sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi, kí ni kí n máa wọ̀n?”

Ẹ ṣeun tí ẹ kò gbé ìrújú náà mì. Òótọ́ ni àwọn olùkọ́ yín méjèèjì sọ, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ọ̀nà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró sí. Èrò tèmi ni pé ó tọ́ kí a dá omi padà sórí èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ píìtì tí wọ́n ti fà gbẹ, bí mẹ́téènì tilẹ̀ máa jáde. Àmọ́ ìdí tí ó fi tọ́ kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń rí nínú ìwé ìpolówó. Ohun tí wọ́n máa ń kọ síbẹ̀ ni pé ilẹ̀ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fa kábọ́nù wọlé. Yóò fà á lóòótọ́, bó pẹ́ bó yá, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa fà á. Inú jíjò tí a dí ni èrè ńlá wà.

Kí ọ̀rọ̀ tó kan ìṣirò, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí píìtì jẹ́ fún àwọn olùkàwé tí kò tíì tẹ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Kì í ṣe erùpẹ̀ bí a ṣe mọ erùpẹ̀. Òkú ewéko ni, tí ó kú sínú omi tí kò sì ráyè jẹrà tán, tí òmíràn hù lé e lórí, tí ìyẹn náà kú, láti ìgbà tí yìnyín ńlá tí ó bo ìhà àríwá ayé ti yọ́ ní nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn. Ó ṣòro kí ó fi ju mílímítà kan lọ ga sí i lọ́dún, nítorí náà, ẹni tí ó bá dúró lórí píìtì tí ó jìn ní mítà márùn-ún, iṣẹ́ bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọdún ni ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ewéko tí ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà ni sphagnum, ewéko kékeré tí kò ní gbòǹgbò, tí ó rọ̀ bíi kànìnkànìn tí ó sì ń mu omi bíi kànìnkànìn. Ó máa ń sọ omi àyíká rẹ̀ di kíkan, àwọn èròjà ara rẹ̀ sì máa ń dí àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ìbá jẹ ẹ́ lọ́wọ́. Ní ọdún 1950, àwọn tí ń gbẹ́ píìtì ní Tollund, ní orílẹ̀-èdè Denmark, bá òkú ọkùnrin kan pàdé tí okùn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, tí ojú rẹ̀ pé pérépéré, débi pé ọlọ́pàá ni wọ́n lọ pè, nítorí wọ́n rò pé àìpẹ́ ni wọ́n pa á. Ọkùnrin náà ti kú ju 2,000 ọdún lọ.

Ẹni tí ó bá ti rẹ ẹ̀gẹ́ fún fùfú rí ti mọ ìyókù ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀gẹ́ tí omi bò kì í jẹrà bí èyí tí a dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, síbẹ̀ omi orí rẹ̀ kì í dákẹ́: ó ń hó, ó ń rùn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú rẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ láìsí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn. Nínú píìtì, àwọn bẹ́ẹ̀ wà pẹ̀lú, iṣẹ́ wọn kò yá, mẹ́téènì sì ni ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ wọn.

Ilẹ̀ píìtì kò ju nǹkan bí 3 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ayé lọ, ṣùgbọ́n kábọ́nù inú rẹ̀ ju ti gbogbo igi inú igbó ayé lápapọ̀ lọ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà ní àríwá, ní Kánádà, Rọ́ṣíà, Finland, Sweden, Scotland àti Ireland. Ẹ kà á sí kóló tí ẹnì kan ń sọ kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan sí lọ́dọọdún láti ayébáyé. Owó ọdún kan kò tó nǹkan. Kóló ni ó wúwo. Ẹni tí ó bá gbẹ́ kòtò sínú ilẹ̀ yìí láti gbin alubọ́sà, láti gbin igi pákó, tàbí láti bu píìtì náà fún ìdáná, ó ti fọ́ kóló nìyẹn, nítorí bí omi bá ti lọ sílẹ̀ ni ọ́síjìn ń wọlé, tí ìjẹrà tí ó ti sùn fún ẹgbẹ̀rún ọdún sì ń jí.

Ibì kan wà tí a ti lè fi ojú lásán rí èyí. Ní Holme Fen, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí wọ́n fẹ́ fa adágún Whittlesey Mere gbẹ ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n ri òpó irin kan mọ́lẹ̀ títí tí orí rẹ̀ fi bá ilẹ̀ dọ́gba. Lónìí, òpó náà yọ sókè ní nǹkan bí mítà mẹ́rin. Òpó kò gbéra, ilẹ̀ ni ó wọlẹ̀. Kì í ṣe gbogbo mítà mẹ́rin yẹn ni ó di afẹ́fẹ́ o. Apá kan jẹ́ pé ilẹ̀ náà súnkì bí omi ti ń kúrò lára rẹ̀, pàápàá ní àwọn ọdún àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n apá ńlá jẹrà, ó sì lọ. Bí a bá kó ilẹ̀ píìtì tí wọ́n ti fà gbẹ káàkiri ayé jọ, ohun tí ó ń tú jáde lọ́dún tó nǹkan bí 4 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo afẹ́fẹ́ amáyégbóná tí ọwọ́ ènìyàn ń fà.

Ó wá kan mẹ́téènì. Àwọn tí ń ṣe é wà nísàlẹ̀ ojú omi, níbi tí ọ́síjìn kò dé. Àwọn mìíràn wà lókè, ní ibi tí ilẹ̀ ti ń mí, tí mẹ́téènì yẹn jẹ́ oúnjẹ wọn. Nítorí náà, bí ojú omi bá wà ní sẹ̀ńtímítà bíi mẹ́wàá nísàlẹ̀ ojú ilẹ̀, púpọ̀ nínú mẹ́téènì tí ń gòkè bọ̀ ni wọn yóò jẹ kí ó tó jáde. Ṣùgbọ́n bí omi bá bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ó di adágún, kò sí ẹni tí yóò jẹ ẹ́ lọ́nà. Irú ewéko tí ó hù tún ṣe pàtàkì. Koríko òwú tí a ń pè ní Eriophorum, tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ gba ibi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá omi padà sí, ní ihò nínú igi rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ ti ní ihò. Ihò yẹn ni ó fi ń fa ọ́síjìn lọ bá gbòǹgbò rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni mẹ́téènì ń gbà sá jáde láìfara kan àwọn tí ń jẹ ẹ́. Ìdí rèé tí ọdún mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a dí kòtò fi lè jẹ́ èyí tí mẹ́téènì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Olùkọ́ yín kejì kò purọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi nọ́ńbà sí i, nítorí ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí. Ní Mer Bleue, lẹ́bàá Ottawa ní Kánádà, àbàtà ńlá kan wà tí ó ṣì wà ní ipò àdánidá. Láti 1998 ni wọ́n ti gbé òpó ìwọ̀n afẹ́fẹ́ síbẹ̀, Nigel Roulet àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì tẹ ìṣirò ọdún mẹ́fà jáde ní 2007. Lórí ilẹ̀ tí ó fẹ̀ ní mítà kan tí ó sì gùn ní mítà kan, nǹkan bí gíráàmù 40 kábọ́nù ni ewéko fi ń wọlé lọ́dún lẹ́yìn tí a ti yọ ohun tí ilẹ̀ mí jáde. Mẹ́téènì mú bíi 4 jáde. Omi tí ń ṣàn kúrò mú 15 lọ, nítorí kábọ́nù máa ń yòrò sínú rẹ̀ bí àwọ̀ tíì ṣe ń yòrò. Òun ni ó fà á tí omi odò àgbègbè píìtì fi máa ń pọ́n, tí àlejò a sì rò pé ìpẹtà ni. Ohun tí ó ṣẹ́ kù nínú kóló kò ju gíráàmù 21 tàbí 22 lọ.

Ẹ wo ohun tí nọ́ńbà wọ̀nyí ń sọ. Ẹni tí ó bá wọn kábọ́nù dayọ́ksáìdì nìkan yóò kéde pé ilẹ̀ náà ń tọ́jú 40, nígbà tí ó jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ni. Ẹ̀wẹ̀, ìyàtọ̀ láti ọdún dé ọdún pọ̀ débi pé ó ju èrè náà fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn ọdún kan wà tí ilẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba nǹkan kan. Ìwádìí ọdún kan ṣoṣo lè gbé olúwarẹ̀ lọ síbi tí ó bá wù ú.

Ohun kẹta ni ó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. Gíráàmù 40 kábọ́nù tí ó wọlé jẹ́ nǹkan bí 147 bí a bá kà á ní kábọ́nù dayọ́ksáìdì. Kábọ́nù tí ó bá mẹ́téènì jáde, 3.7 gan-an, jẹ́ mẹ́téènì gíráàmù bíi 4.9; bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po 27 tí olùkọ́ yín sọ, ó di bíi 133. Nínú ìwé ìṣirò ọgọ́rùn-ún ọdún, èyí tí nọ́ńbà 27 yẹn dá lé, àbàtà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, tí ó ti ń tọ́jú kábọ́nù láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, fẹ́rẹ̀ẹ́ má jèrè, nígbà tí a kò tilẹ̀ tíì yọ ti omi! Bẹ́ẹ̀ ni a sì mọ̀ dájú pé irú àbàtà bẹ́ẹ̀ ti mú ayé tutù. Ibo ni àṣìṣe náà wà? Nínú àkókò ni. Mẹ́téènì kì í pẹ́ lófuurufú. Lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́wàá sí méjìlá, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti yí padà. Bí àbàtà bá ń tú ìwọ̀n kan náà jáde lọ́dọọdún, èyí tuntun kàn ń rọ́pò èyí tí ó ń kú ni, tí iye tí ó wà lókè kò sì ní í máa pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kábọ́nù dayọ́ksáìdì tí ilẹ̀ gbígbẹ ń tú ń kóra jọ ni, ti ọdún yìí lórí ti èṣí, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ yóò sì wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ-ọmọ wa bá ti darúgbó. Nọ́ńbà 27 wúlò, mo ń lò ó, ṣùgbọ́n ó sọ ohun méjì tí ìwà wọn kò jọra di ọ̀kan. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2020 láti ọwọ́ Anke Günther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé ọ̀nà yìí gan-an, wọ́n sì rí i pé kí a tètè dá omi padà ń dín ooru ayé kù láìka mẹ́téènì sí, àti pé kí a máa fi falẹ̀ ni ó léwu.

Ẹ wá fi èrè Mer Bleue wé àdánù ilẹ̀ tí a fà gbẹ. Gíráàmù 21 lórí mítà kan jẹ́ kìlógíráàmù 210 kábọ́nù lórí hẹ́kítà kan, èyí tí kò pé tọ́ọ̀nù kan kábọ́nù dayọ́ksáìdì lọ́dún. Ní 2021, Chris Evans àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwọ̀n láti oríṣiríṣi ilẹ̀ píìtì jọ, wọ́n sì fi hàn pé lórí ilẹ̀ oko tí a fa omi rẹ̀ jìnnà sísàlẹ̀, sẹ̀ńtímítà mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan tí a bá fi gbé ojú omi sókè máa ń dín ohun tí ilẹ̀ ń tú kù ní tọ́ọ̀nù mẹ́ta ó kéré tán lórí hẹ́kítà kan lọ́dún, mẹ́téènì ti wà nínú ìṣirò náà. Oko tí omi rẹ̀ wà ní sẹ̀ńtímítà 90 nísàlẹ̀ ojú ilẹ̀ tí a gbé wá sí 40 ti gba ayé lọ́wọ́ tọ́ọ̀nù 15, ẹnikẹ́ni kò sì tíì gbin sphagnum kankan síbẹ̀. Àgbẹ̀ tilẹ̀ lè ṣì máa dáko lórí rẹ̀. Ìgbà tí omi bá ti sún mọ́ ojú ilẹ̀ ju sẹ̀ńtímítà 30 lọ ni ìlànà yìí bẹ̀rẹ̀ sí í yí, tí mẹ́téènì sì ń gba ipò. Nítorí náà ni mo ṣe sọ pé inú jíjò ni èrè wà, àti pé bí owó kò bá tó, oko píìtì tí ó gbẹ jù ni kí a kọ́kọ́ bá wí, kì í ṣe orí òkè ẹlẹ́wà tí ó ṣeé yà fọ́tò.

Iṣẹ́ àtúnṣe kì í sì í rí bákan náà níbi gbogbo. Ní Bois-des-Bel, ní Québec, níbi tí wọ́n ti bu píìtì títí ilẹ̀ fi wà ní ìhòòhò, Line Rochefort àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Université Laval kó sphagnum láti àbàtà mìíràn ní 1999, wọ́n fọ́n ọn bí ẹni ń fọ́n irúgbìn, wọ́n fi pòròpórò bò ó kí oòrùn má baà pa á, wọ́n sì dí kòtò. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́yìn bí ọdún mẹ́rìnlá, ó ti padà di ibi tí ń gba kábọ́nù. Ìtàn Flow Country, ní àríwá Scotland tí ẹ wà, gbọgbẹ́ ju èyí lọ. Láàárín 1970 sí 1989, nítorí ẹ̀dínwó owó orí tí ìjọba fún àwọn ọlọ́rọ̀, wọ́n fi katakata ya ilẹ̀ náà, wọ́n sì gbin igi spruce àti pine sórí píìtì tí ó jìn gan-an. 1988 ni ìjọba mú ẹ̀dínwó náà kúrò. Láti ìgbà tí RSPB, ẹgbẹ́ tí ń dáàbò bo ẹyẹ, ti ra ilẹ̀ Forsinard níbẹ̀ ní 1995 ni wọ́n ti ń gé igi wọ̀nyí tí wọ́n sì ń dí poro ebè, ní 2024 sì ni UNESCO fi agbègbè náà sínú àkójọ ogún àgbáyé. Àwọn tí ó wọn afẹ́fẹ́ níbẹ̀ rí i pé ibi tí a ti gé igi rẹ̀ láti ọdún mẹ́rìndínlógún ti ń gba kábọ́nù, nígbà tí ibi tí ó jẹ́ bí ọdún mẹ́wàá ṣì ń tú u jáde. Ẹni tí ó bá fi ìwọ̀n ọdún kẹta dá ẹjọ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò dá a lẹ́bi láìtọ́.

Ooru tí ń bọ̀ náà wà níbẹ̀. Ní Minnesota, nínú àdánwò tí wọ́n ń pè ní SPRUCE, wọ́n fi ilé aláìlórùlé yí àwọn apá kan nínú àbàtà ká, wọ́n sì ń mú un gbóná títí dé ìwọ̀n 9 Celsius ju ti ìta lọ. Bí ooru ti ń pọ̀ tó ni kábọ́nù ń sá tó, sphagnum sì ń kú. Dídá omi padà kò lè dènà ìyẹn pátápátá, àmọ́ ilẹ̀ tí omi tó nínú rẹ̀ ni ó lè fara dà á.

Ní ti ohun tí ẹ óò máa wọ̀n: ojú omi ni kí ẹ fi ṣáájú, kí ẹ sì máa wọ̀n ọ́n láìdáwọ́dúró. Páìpù ike tí a lu ihò sí lára tí a rì mọ́lẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí ń kọ gíga omi sílẹ̀ ní wákàtí wákàtí, kò wọ́n, ó sì ń ṣàlàyé ju ohun èlò olówó gọbọi lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àpótí tí a fi ń dé ojú ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan láti wo bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe ń yí padà. Ẹ fi pákó ṣe ibi ìdúró ṣáájú o, nítorí bí ẹ bá tẹ píìtì rírọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ẹsẹ̀ yín ni yóò fún mẹ́téènì jáde, ẹ ó sì rò pé ilẹ̀ ni ó tú u. Ẹ má sì wọ̀n ọ́n ní ọ̀sán ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan bí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe. Mo mọ̀ pé òtútù oṣù Èrèlé kì í ṣe eré, mo sì mọ̀ pé kòkòrò midge a máa jẹ ènìyàn bí ẹni ń gba ẹ̀san ní oṣù Agẹmọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í dẹ́kun mímí ní òru tàbí ní ìgbà òtútù. Bí ẹ bá lè bu omi kòtò láti mọ kábọ́nù inú rẹ̀, ẹ bù ú. Òpó ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ń ka ìmí ilẹ̀ nígbà mẹ́wàá tàbí ogún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan kọjá owó akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ bẹ àwọn tí ó ní i kí wọ́n fún yín ní àkọsílẹ̀ tiwọn. Bí owó kò bá sí rárá, ìlànà kan wà tí a ń fi àpò tíì aláwọ̀ ewé àti ti rooibos ṣe: a óò wọ̀n wọ́n, a óò rì wọ́n mọ́lẹ̀, a óò hú wọn jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a óò sì tún wọn wọ̀n láti mọ bí ìjẹrà ṣe yára tó níbẹ̀. Ó dà bí eré, ṣùgbọ́n káàkiri ayé ni a ti ń lò ó.

Ohun tí ó máa ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni pé ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n ti dí kòtò tán ni olùṣèwádìí máa ń dé. Kò sí ohun tí yóò fi wé, kò sì lè sọ bóyá omi ni ó ṣe é tàbí ọdún olójò. Nítorí náà, ẹ má kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n ti tún ṣe. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń bójú tó ilẹ̀ ní àgbègbè yín pé èwo ni wọ́n fẹ́ dí ní ọdún tí ń bọ̀ àti ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ẹ wá ilẹ̀ gbígbẹ mìíràn tí ó jọ ọ́ tí wọn kò ní í fọwọ́ kàn, kí ẹ sì ri páìpù yín sí méjèèjì kí katakata tó dé.